Ọmọbìnrin Kan, Wárápá, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ọ̀rọ̀ Jáde: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láàrin Àwọn Júù Brooklyn

Ẹni ọdún 22 ni ọmọbìnrin náà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ fún un ní àdúgbò Flatbush ní Brooklyn, nínú ìlú New York. Ilé tí wọ́n ti di òfin Tórà, ìyẹn òfin Mósè, mú ṣinṣin ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní Talmud, ìwé àlàyé òfin àwọn Júù, ìyá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé, àwọn aládùúgbò sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere. Ohun kan ṣoṣo tí ilé náà kì í mẹ́nu bà ni pé nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 14, wárápá gbé e ṣánlẹ̀ nínú kíláàsì, ó sì tún gbé e lẹ́ẹ̀mejì nílé kí dókítà tó rí oògùn tó bá a lára mu. Láti ìgbà tí ó ti ń lo oògùn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kò ṣubú mọ́. Àwọn tó mọ̀ kò pọ̀: àwọn òbí rẹ̀, dókítà, ọ̀gá ilé-ìwé, ìwọ̀nba àwọn ọmọ kíláàsì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti obìnrin aládùúgbò kan tó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ kan.

Ẹnu alárinà tó parí ọ̀rọ̀ náà ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí àwa olùdámọ̀ràn ìgbéyàwó láti inú oríṣiríṣi ẹ̀sìn ti ń pàdé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn ohun tí ènìyàn lè fi dá wọn mọ̀ padà. Mo kọ ọ́ fún àwa tí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn ń wá bá fún ìmọ̀ràn, ìbáà ṣe pásítọ̀, àlùfáà, alárinà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń yẹ jẹ́nótáìpù wò, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn wa náà: bí ohun kan bá wà lára ẹni tó ń wá ọkọ tàbí aya, ta ló yẹ kó sọ ọ́, ta ló yẹ kó gbọ́ ọ, ìgbà wo ni ó sì yẹ kó gbọ́ ọ?

Bí ètò náà ṣe ń lọ

Láàrin àwọn Júù tó ń pa òfin mọ́ báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í pàdé ọ̀dọ́mọbìnrin lójú ọ̀nà kó ní òun fẹ́ ẹ. Shidduch ni wọ́n ń pe ètò ìwákiri náà, shadchan sì ni alárinà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á kọ ìwé olójú kan tó sọ orúkọ ọmọ, ilé-ìwé tó lọ, iṣẹ́ àwọn òbí, irú ẹni tí ó ń wá, àti nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn tí a lè béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Alárinà á mú ìwé tibí lọ sọ́hùn-ún, á mú tọ̀hún wá síbí, ìdílé méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dọ̀ olùkọ́, lọ́dọ̀ aládùúgbò, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ó di ìgbà tí ìwádìí bá tẹ́ wọn lọ́rùn kí àwọn méjèèjì tó fojú kan ara wọn. Láàrin àwọn Hasidim, ìyẹn ẹgbẹ́ Júù kan tó di àṣà mú gan-an, ìpàdé wọn kì í pọ̀, ilé àwọn òbí ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é sí. Nínú irú ìdílé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọ́n lè pàdé lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí èrò wà, bí i gbọ̀ngàn ìgbàlejò àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, nítorí òfin kò gbà kí ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya dá wà nínú yàrá tí a tì.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi alárinà ṣọ́nà, tí wọ́n sì ń wádìí bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà nínú ìdílé kí wọ́n tó tọrọ ọmọ, kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n kí a má rò pé wọ́n ń fi tipátipá so ọmọ pọ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 24, nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù wá fẹ́ Rèbékà fún Ísáákì, tí àwọn ará ilé ti gbà, wọ́n ṣì pe ọmọbìnrin náà, wọ́n bi í bóyá yóò bá ọkùnrin náà lọ, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé òun yóò lọ. Ibẹ̀ ni àwọn amòye Júù ti fà á yọ pé a kì í fi obìnrin fọ́kọ láìjẹ́ pé ó fẹ́. Talmud, nínú ìwé Kiddushin, tún kọ̀ fún ọkùnrin láti fẹ́ obìnrin tí kò tíì fojú rí, kí ó má baà rí ohun tí yóò kórìíra lára rẹ̀ bí ó bá yá. Ó sì kọ̀ fún bàbá láti fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ nígbà tó ṣì kéré, àfi kí ó dàgbà kí ó sì sọ pé lágbájá ni òun fẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń ṣáájú ìpàdé. Ní 1983, Rábì Josef Ekstein, tí Tay-Sachs, àìsàn àjogúnbá tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ti gba ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, dá àjọ Dor Yeshorim sílẹ̀ ní Brooklyn. Bí AS àti AS tí à ń bẹ̀rù nílé ni ọ̀rọ̀ Tay-Sachs ṣe rí: ẹni tó gbé e kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì tó gbé e bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ tí àìsàn náà yóò pa ní kékeré. Nínú àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú 30 tó gbé e. Àjọ náà ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́, ó ń fún kálukú ní nọ́ńbà, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó gbé e tàbí kò gbé e. Bí a bá fẹ́ so ẹni méjì pọ̀, a ó fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́, ìdáhùn tó máa wá kò ju pé wọ́n bára mu tàbí wọn kò bára mu. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an, nítorí pé ó ń dáàbò bo ọmọ tí a kò tíì bí láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan pàtó ni ó ń yẹ̀ wò, wárápá irú ti ọmọbìnrin yìí kò sì sí lára wọn. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí nọ́ńbà bára mu, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìlera ti parí.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́

Àwọn òbí pinnu láti dákẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló tẹ̀ lé e nílé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí ọ̀rọ̀ wárápá bá jáde, kò sẹ́ni tí yóò gbé ìwé àwọn àbúrò wò. Alárinà àkọ́kọ́, tí kì í ṣe ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi, fura pé nǹkan kan wà, kò sì béèrè. Ó fi ọ̀rọ̀ Talmud kan dá wọn lọ́kàn le, níbi tí àwọn ọmọlẹ́yìn Hillel, amòye Júù àtijọ́ kan, ti sọ pé gbogbo ìyàwó ni a ó máa kọrin yìn pé ó rẹwà, ó sì níwà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ Talmud ní Lakewood, ní New Jersey, ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Wọ́n pàdé nígbà mẹ́fà, ọkàn wọn wọra, a sì dá ọjọ́ Àìkú fún ayẹyẹ kékeré tí wọ́n fi ń kéde àdéhùn. Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, àǹtí ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí nọ́ńbà ẹnì kan tó bá ọmọbìnrin náà ṣe kíláàsì, ó sì pè é. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni òun bá wá; ó ní òun fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ kíláàsì náà rò pé ìtàkùrọ̀sọ lásán ni, ó sì béèrè pé ṣé èyí tó máa ń ṣubú lulẹ̀, tí ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i kí ó ṣubú, ọdún mẹ́jọ sì ti kọjá. Àwọn àgbà wa ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti di pé àìsàn àjogúnbá wà nínú ìdílé náà. Bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin pe alárinà, ó ní kí wọ́n tú ètò ká. Aṣọ tí ọmọbìnrin náà fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ti wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé wá sọ fún un.

Ó yẹ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé òfin Júù lórí irú ìpè bẹ́ẹ̀ kún fún ìtọ́ni. Rábì Israel Meir Kagan, tí wọ́n mọ̀ sí Chofetz Chaim nítorí ìwé tó gbé jáde ní 1873 lórí òfin ọ̀rọ̀ ẹnu, sọ pé ẹni tó ń wádìí nítorí ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ó ń bi mọ ìdí tí òun fi ń béèrè. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni tó ń dáhùn ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa lásán, ẹni tó béèrè ló sì tì í sínú ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún kọ̀ kí a lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀tá ẹni náà. Fún ẹni tó fẹ́ sọ ohun tó mọ̀ kí ó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu, ó la ohun márùn-ún kalẹ̀: kí ó rò ó dáadáa bóyá lóòótọ́ ni ohun náà burú, kí ó má sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ, kí ó má ṣe é nítorí ìkórìíra, kí ó má sọ ọ́ bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí a lè fi rí àǹfààní kan náà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì fa ìpalára tó kọjá èyí tó tọ́. Ẹni tó gbọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ gbà á bí òótọ́ pọ́ńbélé; ìṣọ́ra nìkan ni ó lè fi ṣe. Nínú ìpè alẹ́ ọjọ́bọ̀ yẹn, àǹtí fi ìdí ìbéèrè rẹ̀ pamọ́, ọmọ kíláàsì sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ, ìdílé ọ̀dọ́mọkùnrin sì gbà á láìpe dókítà kankan.

Lọ́dọ̀ rábì

Ìbínú ni bàbá fi lọ bá rábì sínágọ́gù wọn. Ó fẹ́ kí rábì pe ọmọ kíláàsì náà kí ó bá a wí. Rábì gbọ́ ọ tán, ó ṣí Léfítíkù orí 19, ó sì ní kí ó ka ẹsẹ 16 sókè. Ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ náà kọ òfófó. Ìdajì kejì kọ̀ kí ènìyàn dúró máa wòran nígbà tí ewu ń bọ̀ wá bá ẹnì kejì rẹ̀. Rábì ní ọmọ kíláàsì ti rú ìdajì àkọ́kọ́, ilé bàbá fúnra rẹ̀ sì ti rú ìdajì kejì, nítorí pé wọ́n ti fẹ́ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wọ àdéhùn tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rán an létí pé bí a bá fi àbùkù ńlá pamọ́ fún ọkọ tàbí aya, òfin lè ka àdéhùn náà sí èyí tí a fi àṣìṣe ṣe, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì lè wó. Ní ti ọ̀rọ̀ Hillel tí alárinà àkọ́kọ́ fi ń ṣe àwáwí, ó ní ibi ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, nígbà tí ọkọ ti yàn tán. Kò sí fún ìgbà tó ṣì ń yàn.

Alárinà tó sọ ọ́ fún mi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá tó wá fẹjọ́ ẹlòmíràn sùn ti wá rí i pé òun náà wà nínú ẹjọ́. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló dára jù nínú gbogbo ohun tó béèrè: "Ṣé kí n wá kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀ nìyẹn, kí gbogbo ayé máa kà á?"

Rábì ní rárá. Bí ó bá wà lórí ìwé, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí kò ní fẹ́ ọmọ náà láé ni yóò mọ̀ ọ́n, kò sì sí àǹfààní kankan nínú kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìpalára lásán ni fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ó mẹ́nu ba ìdáhùn Rábì Moshe Feinstein, aṣáájú nínú òfin tó kú ní New York ní 1986, sí obìnrin kan tó ní àìsàn àjogúnbá: kì í ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́, bí kò ṣe ìgbà tí ọkùnrin náà bá ti fi hàn pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kí àdéhùn tó wáyé. Rábì wá fi tirẹ̀ kún un. Kí ọmọbìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí lẹ́tà dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má sì jẹ́ kí ó pẹ́ débi pé ọkùnrin náà kò ní lè sọ pé rárá láìsí ìtìjú. Kì í ṣe gbogbo rábì ló dá ìgbà yìí bákan náà. Àwọn kan fẹ́ kí ó ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti mọ ènìyàn díẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ àìsàn náà mọ́ ènìyàn, kò ní gbọ́ ọ ní òun nìkan.

Rábì tún ní kí wọ́n padà lọ bá dókítà kí wọ́n tó tún gbé ìwé jáde. Ìmọ̀ràn yìí ló gba ọ̀pọ̀ nǹkan là. Valproate ni oògùn tí ọmọbìnrin náà ń lò láti kékeré, oògùn yìí sì lè ba oyún jẹ́ gidigidi. Dókítà ní kí wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí a bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, àìsàn náà lè padà wá. Wọ́n dá ìwákiri dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ara rẹ̀ fi bá oògùn tuntun mu. Bí àwọn òbí bá ti fi í fọ́kọ lásìkò àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọkọ tí kò mọ̀, inú oyún ni wọn ì bá ti wà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nípa oògùn náà.

Ìpè tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò

Alárinà tuntun dé, òun ni mo mọ̀. Ó mú ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó lálẹ́, tó sì ń kọ́ Talmud láàárọ̀. Ìyá ọmọ náà jẹ́ ẹni tó mọ ìwádìí ṣe. Láàrin àwọn tó pè ni obìnrin aládùúgbò tó gbé ọmọbìnrin náà lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn, ó sì sọ ìdí ìpè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe fẹ́. Ó béèrè nípa ìwà rẹ̀, nípa bí ó ṣe ń bá àwọn àbúrò gbé, ó sì wá béèrè pé, "Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà ni pé bí òun bá sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá, irọ́ ni òun pa, ìdílé yìí á sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Bí òun bá sọ ohun tí òun rí lóru ọjọ́ náà, òun gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ náà kí ó tó sọ ọ́. Bí òun bá sì ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ohùn òun nìkan ti tó láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti lọ bá rábì ṣáájú, rábì sì ti fún un ní ọ̀nà kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá pè é nítorí ọmọ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni kí ó máa fún un lórí ìlera: pé òun kì í dáhùn ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kí ó béèrè lọ́dọ̀ ìdílé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ó ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀ kí ìpè yìí tó dé, gbogbo àdúgbò sì ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Nítorí náà ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí ohunkóhun fà yọ nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí èyí tọ́ lójú òfin ni pé rábì mọ̀ pé ìdílé náà fúnra wọn yóò sọ ọ́. Ọ̀nà mìíràn wà, nítorí náà kò sí ẹ̀tọ́ fún aládùúgbò láti sọ ọ́. Rábì ti sọ fún bàbá ní gbangba pé bí wọ́n bá kọ̀ láti sọ ọ́ kí àdéhùn tó wáyé, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́.

Ìpàdé kẹrin

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Manhattan ni wọ́n ti pàdé. Alárinà ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin pé ọkàn òun ti bọ́ sí i, ó sì ti fi tó ọmọbìnrin náà létí. Ọmọbìnrin náà mú àpótí oògùn rẹ̀ dání, ìyẹn onílé méje fún ọjọ́ méje, nítorí pé kò fẹ́ kí ó dà bí ohun àṣírí burúkú. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, ó sì sọ ohun gbogbo: ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú, iye ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, oògùn àtijọ́, oògùn tuntun, ìlérí àkọ́kọ́ tó tú ká àti ìdí rẹ̀. Ó fi lẹ́tà dókítà lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè bóyá àwọn ọmọ lè jogún rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní òun nílò ọ̀sẹ̀ kan. Ó sì ṣèlérí pé bóyá òun fẹ́ ẹ tàbí òun kò fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lẹ́nu òun ju ọ̀dọ̀ dókítà, rábì òun àti àwọn òbí òun lọ.

Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò tọ́ ọmọ kí ó lọ máa ṣọ́ aláìsàn. Òfin Júù, nínú àlàyé tí Rábì Moses Isserles ti Kraków ṣe sórí ìwé òfin ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé bí bàbá bá kọ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ fẹ́, kò di dandan kí ọmọ gbọ́ tirẹ̀ lórí èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ òfin yìí dáadáa, ó sì fẹ́ lò ó. Rábì rẹ̀ ló dá a dúró. Ó ní ẹ̀tọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mú ìyá rẹ̀ lọ bá dókítà, kí ó má fi ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tí sùúrù lè parí.

Ìyá lọ. Bí gbogbo ìyá ṣe ń béèrè ni ó béèrè: bí ó bá gbé ọmọ lọ́wọ́ tí ó ṣubú ńkọ́? Dókítà kò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ni kí ó ti máa pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, kí ó má dá wẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò sẹ́nìkan nílé, kí ọkọ sì máa gba ọmọ lóru, nítorí pé àìsùn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń fa wárápá jù. Ó tún ṣàlàyé pé kì í ràn. Èyí yẹ kí a tún sọ fún àwọn ará ilé wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń sá fún itọ́ ẹni tí wárápá gbé, débi pé a ń fi ẹni náà sílẹ̀ lójú pópó. Ìyá kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó pe alárinà, ó ní kí ó bá òun ṣètò bí òun yóò ṣe rí ọmọbìnrin náà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ṣègbéyàwó.

Kí Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù àwọn Júù, tó dé lọ́dún náà, ọmọ kíláàsì àtijọ́ náà wá sílé wọn. Mishnah, àkójọ òfin Júù àtijọ́, sọ pé ọjọ́ ètùtù kì í pa ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀ rẹ́ títí yóò fi tù ú lójú. Ó wá bẹ̀bẹ̀, ọmọbìnrin náà sì dárí jì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí alárinà ṣe sọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó wá kí ó tó rí ojú rere.

Ní ọdún kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bí àkọ́bí, nígbà tí oorun kò tó, wárápá gbé e. Ọkọ rẹ̀ wà nílé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lé ilẹ̀, kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó wo aago, ó sì pe ìyá rẹ̀ kí ó wá gbé ọmọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáwọ́ dúró. Dókítà tún oògùn ṣe, ìyá ọkọ sì sùn sílé wọn fún oṣù kan kí ọmọ-ìyàwó rẹ̀ lè máa sùn lóru.

Fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí

Nígbà tí mo bá ń sọ ẹjọ́ yìí fún àwọn olùdámọ̀ràn láàrin wa, ibi ìpàdé kẹrin ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ gbọ́, nítorí ìgboyà ọmọbìnrin náà. Ibi tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n dúró sí ni ọ̀rọ̀ rábì pé bí ìdílé bá kọ̀, òun ni yóò sọ ọ́. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, àìdáhùn aládùúgbò ì bá ti di àjọṣe nínú ìtànjẹ. Bí a bá ní kí àwọn ẹlẹ́rìí má sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú pé ẹnì kan wà tí yóò sọ̀rọ̀, kí a sì mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́.

Lórí jẹ́nótáìpù, mo rò pé ọ̀nà Dor Yeshorim ṣáájú tiwa lọ́nà kan: kí ojú tó pàdé ojú ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Níbi tiwa, mo ti rí àwọn tó mú èsì AS àti AS wá nígbà tí a ti tẹ ìwé ìpè, tí aṣọ ẹbí ti délé, tí ìdílé méjèèjì sì ń rọ̀ wá pé kí a gbàdúrà sí i. Pásítọ̀ tàbí ìmáàmù tó bá fẹ́ ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kí ó máa béèrè èsì yìí lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Àwọn Júù ka alárinà sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀, òfin wọn sì jíròrò ìgbà tí a ó san án. Níbi púpọ̀, nígbà tí àdéhùn bá ti wáyé ni. Alárinà yìí sọ fún mi láìfi bò pé nítorí pé ètò tó bá tú ká kì í mú owó wá, ó rọrùn fún ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà láti má béèrè ohun tó lè tú u ká, bí ti alárinà àkọ́kọ́. Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé kí ó tó gba ìwé lọ́wọ́ ìdílé kankan, ó máa ń bi wọ́n bóyá ohun kan wà tó yẹ kí ọkọ tàbí aya mọ̀ kí àdéhùn tó wáyé. Kì í ní kí wọ́n sọ ohun náà fún òun. Ó máa ń béèrè ẹni tí yóò sọ ọ́ àti ìpàdé tí yóò ti sọ ọ́, ó sì ń kọ ìdáhùn méjèèjì sínú ìwé rẹ̀. Ìdílé méjì ti kọ̀ láti dáhùn láti ìgbà náà, ó sì ti dá ìwé wọn padà.